Agogo Márùn-ún Ní Ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí Bàámi kú, mi ò sunkún. Kì í ṣe pé mo láyà, kì í sì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Omijé náà ni kò wá. Àwọn obìnrin agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn yí mi ká, wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná, wọ́n ń retí ìgbà tó máa hó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kó sunkún, ara á fúyẹ́." Òmíràn fà mí mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ lù mí lẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan tó fẹ́ jáde, ó tú mi sílẹ̀, ó lọ di ẹlòmíràn mú. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, ìwé kẹta ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ohun tí mo ń rò lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀rẹ́ mi kan kò tíì dá ìwé jọ́gíráfì mi padà.

Ahunṣọ òfì ni Bàámi. Aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ ṣì wà lórí òfì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó kú. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Kékeré jókòó sídìí òfì náà, ó sì hun aṣọ náà parí, nítorí ẹni tó ni ín ti ń bèèrè. Mo dúró tì í, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó ń hun ún dáadáa. Mo fi ìka tọ aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ibi tí ọwọ́ Bàámi parí sí. Ó yẹ kí ìyẹn dùn mí. Kò dùn mí.

Màámi bọ́ sínú opó. Mùsùlùmí ni wá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá sì ni opó fi ń jókòó sílé. Kì í jáde láìnídìí, kì í lé tìróò, kì í wọ aṣọ tó ń dán. Yàrá kan ni èmi àti ẹ̀ jọ ń sùn. Ó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé látàárọ̀, ó ń ká òwú fún Bàbá Kékeré gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ká a fún Bàámi. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó bí tó yè, àmọ́ láàárín àwọn oṣù yẹn, a dà bí àlejò méjì tí wọ́n fi wọ̀ sí yàrá kan náà.

Nígbà tí wọ́n rán aṣọ tí Bàbá Kékeré parí náà pọ̀ tán, èmi ni wọ́n ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Nọ́ọ̀sì kan ni, ará Ìjẹ̀ṣà, onígbàgbọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ó yá ilé kan lójú ọ̀nà ilé ìwé wa. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa kò pọ̀. Tirẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn níwájú bíi kọ́bọ́ọ̀dù, Àǹtí Nọ́ọ̀sì a sì máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó ní bátìrì ọkọ̀ tó ń so mọ́ ọn.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n náà ni, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì ti jókòó, wọ́n ń retí ìjàkadì. Dípò ìjàkadì, ọmọbìnrin kan yọ, àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ó ń rìn lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà pòṣé, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n jáde. Ó yẹ kí n gbé aṣọ sílẹ̀ kí n máa lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Jàpáànì ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu wọn a sì máa pa dé kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ọmọ náà tó ẹgbẹ́ mi. Ojú rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá nísàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sí nínú eré náà. Wọn ò sọ ibi tó lọ, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó yẹn, agboòrùn rẹ̀ ló sọ nù. Ó wá a dé ilé ìwé, ó wá a dé ibùdókọ̀, kò rí i. Òjò pa á títí ó fi délé. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ gbígbóná fún un, ó jẹ ẹ́, eré ọjọ́ náà sì parí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nínú eléyìí báyìí?"

"Agboòrùn rẹ̀ ló sọ nù, mà."

"Mo rí ìyẹn. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì mo padà wá. Mo padà wá lọ́jọ́ kẹta. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣe é, tí mo bá sì ti kúrò ní ilé ìwé, mi ò délé mọ́, ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni mò ń gbà lọ. Mo máa ń bá a fọ abọ́, mo máa ń bá a gbálẹ̀, kó má baà sọ pé mo ti ń dà á láàmú. Tí ó bá di agogo márùn-ún, màá nu ọwọ́ mi, màá jókòó.

Mo ti di tíṣà láti ìgbà yẹn, mo ti rí oríṣiríṣi ọmọ, mo sì mọ̀ pé eré tí wọ́n ti ń yọ idà síra wọn ni wọ́n fẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá sọ fún mi pé eré tí kò sí ìjà nínú rẹ̀ kì í dùn, inú máa ń bí mi. Mo máa ń wo onítọ̀hún pé ara ń dá a ni. Ẹni tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí kì í wá ìṣẹ̀lẹ̀ kiri. Ìdáná ni mo fẹ́ wò. Mo fẹ́ wo ọmọ tó ń wá bàtà rẹ̀ kejì láàárọ̀. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni bóyá ó máa sunkún. Wọ́n kàn ń gbé ayé wọn lọ, èmi náà sì ń wò wọ́n láìṣe nǹkan kan, láìrò nǹkan kan. Fún ààbọ̀ wákàtí, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ náà sì ń dàgbà. Ìyẹn gan-an ni ìtàn náà, bí ìtàn bá wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ tú etí aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó sọ ọ́ di gígùn, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà nítorí ẹni tó máa nu pátákó ìkọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀rẹ́ náà bu ànàmọ́ sísun sí méjì, ó na ìdajì sí i, ó tán. Ànàmọ́ sísun! Ohun tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa náà nìyẹn. Mo rò ó títí mo fi délé.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màámi bi mí. Ó ń ká òwú, kò gbójú sókè.

"Kí lo máa ń lọ wò níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Ọmọbìnrin kan ni, mà."

"Kí ló ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ó mà dáa fún un o," ló wí, ó sì ń ká òwú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí opó náà kù bí oṣù kan kó pé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò ní kí n gbọ́. Màámi àti Ìyá Àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin tó jẹ́ àgbà agbo ilé wa, jókòó sínú yàrá. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń ṣa ìrẹsì. Màámi ní, "Ìyá, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò wá ọkọ mọ́. Ọmọ mi yìí nìkan náà tó mi." Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, ìyàwó. Ṣùgbọ́n o mọ bí ilé yìí ṣe rí."

Bí ilé náà ṣe rí nìyí. Tí opó bá jáde, àwọn ọkùnrin ilé tó bá fẹ́ ṣú u lópó yóò fi orín wọn sínú abọ́ onídèérí kan. Nítorí pé ilé ahunṣọ ni wá, olúkúlùkù a so òwú aláwọ̀ tirẹ̀ mọ́ orín rẹ̀, kí a lè mọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà á ṣí abọ́ níwájú gbogbo ilé, opó á sì mú orín kan. Ẹni tó ni orín náà ló di ọkọ rẹ̀. Tí kò bá mú ìkankan, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ìyẹn Kòmú ní ti Màámi. Kò sì ní mú mi lọ, torí pé ọmọ ilé bàbá mi ni mí, ilé bàbá mi ni wọ́n máa fi mí sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Opó tó bá ní ọmọkùnrin, ọmọ náà á fi orín tirẹ̀ sínú abọ́. Ìyá rẹ̀ á mú un, á jókòó ti ọmọ rẹ̀ sínú ilé, ọkùnrin kankan kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Màámi kò ní ọmọkùnrin.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá Àgbà, tí mo bá fi orín tèmi sí i ńkọ́?"

Ó wò mí. "Obìnrin kì í fi orín sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?"

Ó ronú. Ó gbé ẹ̀gúsí kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ni." Lẹ́yìn náà ni ó sún mọ́ mi. "Gbọ́. Èmi ni màá gbé abọ́ náà. Mi ò ní bá ọ fi sí i o, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá lọ́jọ́ náà, kí gbogbo ilé rí ọ, kí n tó ṣí i. Tó bá ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ níṣojú mi. Má sì bá ìyá rẹ sọ ọ́. A kì í bá opó sọ ọ̀rọ̀ orín kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé."

Mo gé orín ata kan, mo so òwú funfun mọ́ ọn, mo fi sínú agolo máàtì-sẹ́ẹ̀tì mi nínú báàgì ilé ìwé. Ẹ má rò pé àyà mi ń já tàbí pé inú mi ń dùn. Mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá fi orín yẹn síbẹ̀, mo lè pàdánù ìyá mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn olú ìlú inú ìwé jọ́gíráfì. Kò dé inú ara mi.

Kàlẹ́ńdà ilé ìwé wà lára ògiri wa. Mo ti fi báírò ka oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá lórí rẹ̀, mo sì fi àmì sí ọjọ́ tó bọ́ sí. Ọjọ́ Ajé kan ni. Nígbà tó yá, wọ́n kéde nínú tẹlifíṣọ̀n pé eré ọmọbìnrin náà máa parí lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn. Ó bá mi lára mu bẹ́ẹ̀. Mo rò pé màá wò ó tán ná, kí n tó kojú ti ilé.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo jí bá Màámi tó ti wẹ̀, tó ń ya irun rẹ̀. Ó ní, "Má pẹ́ lónìí." Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo gbé báàgì mi, mo lọ. Tí ẹ bá ní kí n búra, màá búra pé mo gbọ́ ọ dáadáa.

Agogo márùn-ún bá mi nílé Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ohun tí ọmọ náà ṣe lọ́jọ́ yẹn ni pé ó bá ìyá rẹ̀ sá aṣọ. Ó ń sá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ ń na ìyókù sí i. Ojú ọ̀run ṣú, wọ́n sáré kó gbogbo rẹ̀ wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ń ká wọn. Àbúrò rẹ̀ yọ láti abẹ́ òkìtì aṣọ náà pẹ̀lú bùláòsì ìyá wọn lọ́rùn, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń tòògbé fi jí. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú, ẹ̀rín mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, bàtà kún iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin ń jẹun. Abọ́ onídèérí náà wà nílẹ̀ láàárín ilé, ó ṣí sílẹ̀.

Ìyá Àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Níbo lo wà?"

"Ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mà."

"Ṣé o mọ̀ pé òní ni?"

"Ọjọ́ Ajé ni, mà. Mo kà á."

"Kí lo fi kà á?"

"Kàlẹ́ńdà, mà."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Oṣù tó ń lé lójú ọ̀run ni a fi ń ka opó, ọmọ yìí! Kì í ṣe oṣù òyìnbó. Àfáà ló kà á, òní ló pé. Mo rò pé o mọ̀!"

Ó yẹ kí n mọ̀. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń lọ ilé kéú. Mo mọ̀ pé oṣù wa kúrú ju oṣù òyìnbó lọ, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń sún síwájú lọ́dọọdún. Oṣù mẹ́rin wa ti pé kí ti kàlẹ́ńdà tó pé. Ṣùgbọ́n akọ́wé ni mí, báírò ni mo fi kà á. Mo ní kí n lọ gbé orín mi wá. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní wọ́n ti ṣí i.

Màámi jókòó sáàárín àwọn obìnrin náà. Wọ́n ti lé tìróò fún un. Orín tó ní òwú pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Bàbá Kékeré. Ó wò mí, ojú rẹ̀ pẹ́ lára mi. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "O ti jẹun?" Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Bàbá Kékeré. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò yọ mí ní ilé ìwé, kò pariwo mọ́ Màámi. Ìyàwó méjì ló ti ní tẹ́lẹ̀, Màámi ló ṣe ìkẹta. Ó kó láti yàrá wa lọ sí apá ibi tí Bàbá Kékeré ń gbé ní òdìkejì àgbàlá, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Èmi kó sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí ìyá mi, tó ń ká òwú, tó ń dáná nígbà tó bá kàn án. Mo máa ń kí i. Ó máa ń dáhùn. Bí a ṣe pàdánù ara wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Mo padà sílé Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́bọ̀ àti lọ́jọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa parí. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìwé kan nílùú mìíràn, ó sì parí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Kò tilẹ̀ juwọ́," ó ti ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo yọ orín náà nínú agolo, mo tú òwú rẹ̀ dànù, mo fi rin ẹnu. Ó ta mí lẹ́nu. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, ọmọbìnrin inú àwòrán yẹn ni mò ń bá bínú, bí ẹni pé òun ló dì mí mú.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Mo ti di tíṣà ní Ṣakí, mo ti lọ́kọ, mo sì bí àkọ́bí mi. Màámi wá bá mi wẹ ọmọ. Ó ti bí ọmọkùnrin méjì fún Bàbá Kékeré nígbà yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó na ẹsẹ̀, ọmọ mi wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi kànìnkànìn fọ ọ́ lọ́rùn. Èmi ń bá a bu omi díẹ̀díẹ̀. Láìwò mí, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ìyá Àgbà ti sọ fún mi nípa orín rẹ kó tó di ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n má jẹ́ kí o mọ̀."

Mo bu omi sí i lọ́wọ́.

"Nígbà tó ṣí abọ́, mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ tú wọn. Mo gbé abọ́ náà sókè, mo wo ìdí rẹ̀, mo tún wo ìdérí. Àwọn èèyàn ti ń wò mí pé kí ló ń ṣe mí. Tìrẹ ni mò ń wá."

"Mo ka ọjọ́ ṣì ni, Màámi. Kàlẹ́ńdà ni mo fi kà á. Ṣé Ìyá Àgbà ò sọ fún yín ni?"

"Ó sọ ọ́. Mo rò pé ó fi ń tù mí nínú ni." Ó yí ọmọ náà padà, ó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni o ń lọ sílé onílé. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mo ní o ò fẹ́ mi mọ́ ni."

Àyà mi já, ó já gidi, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbé igbá omi sílẹ̀.

"Tí ẹ bá rò bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ mú orín Bàbá Kékeré? Ẹ ò bá ti máa lọ sí Kòmú, kí ẹ lọ sinmi."

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò nítumọ̀.

"Èmi ṣáà fẹ́ ọ," ló wí.